Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Àmì

Ẹ̀rọ táìpù tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Kò ní àmì orí ọ̀rọ̀, kò ní àmì abẹ́ ọ̀rọ̀. Tí o bá tẹ "oko" lórí ẹ̀, ẹni tó máa kà á ló máa pinnu bóyá ọkọ tó fẹ́ ọ lo ní lọ́kàn, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, tàbí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Bírò dúdú ni mo máa ń fi kọ àwọn àmì náà sí i lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu. Òótọ́ ni, ìgbéraga yẹn sì wà lára ohun tó kó bá mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Iléeṣẹ́ wa ló ń rí sí omi àwọn àgbẹ̀, àwọn dáàmù kéékèèké tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀gá pátápátá tó wà lórí wa, Àlàájì ni, ọmọ ìdílé oníṣòwò ní Ìtòkú, èèyàn dáadáa tí kò fẹ́ràn ìwé gígùn. Ó ní ìwé tó bá ju ojú kan lọ, kí wọ́n gbé e fún ewúrẹ́ jẹ. Nítorí náà, bí ẹnjiníà bá fi oṣù mẹ́ta kọ ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ìlà méjì tàbí mẹ́ta ti Yorùbá ló máa dà lórí ìwé pélébé kan, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́, akọ̀wé àgbà ló sì máa gbé e wọlé fún Ọ̀gá láàárọ̀. Akọ̀wé àgbà yìí ló ń gbé báàgì Ọ̀gá. Kò sí ẹni tó ń rí Ọ̀gá láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kódà bí iná bá ń jó lára Ọ̀gá, akọ̀wé àgbà lo máa kọ́kọ́ sọ fún.

Ní ọjọ́ kan, ó na ìwé pélébé kan sí mi lójú. "Kí ni gbogbo kòkòrò tí o tò sórí ìwé Ọ̀gá yìí? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Ọ̀gá tí wọ́n ń kọ́ ní dò-rè-mí? Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá máa mọ̀ ọ́n kà!" Inú bí mi débi pé mo ti gbogbo bírò mi sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi àmì kankan sí i mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bá ṣe pọ̀ ọ́ jáde náà ni mo ń fi ránṣẹ́.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú ẹnjiníà kan wá fún wa láti Ṣáínà. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, bàtà rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹrẹ̀. Bàbá Ṣáínà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni mò ń tẹ ìwé rẹ̀, nítorí náà èmi náà ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ àti tèmi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Kò sí èyí tó lè fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tó kọ́kọ́ rí mi tí mò ń gé ìwé rẹ̀ kù sí ìlà mẹ́ta, mo rò pé ó máa bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ibí náà dà bí ọ̀dọ̀ wa." Ó wá jókòó, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé orí fáìlì mi, ó sì là á yé mi. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, ẹni tó mọ nǹkan kì í sábà pàdé ẹni tó ń pàṣẹ. Onímọ̀ máa kọ ìwé, ọ̀gá rẹ̀ máa gé e kù, ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ náà máa gé e kù, títí yóò fi dé ọwọ́ akọ̀wé olórí. Akọ̀wé yẹn ló máa pinnu bóyá ìwé náà máa wà lókè tábìlì tàbí nísàlẹ̀ àwọn tó kù. Ó ní ìwé ìròyìn kan tún wà tí wọn kì í tà lọ́jà, àwọn aláṣẹ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún, ìlà kan ṣoṣo tí èèyàn bá rí kọ síbẹ̀ sì sàn ju kó kọ odindi ìwé lọ.

Mo bi í pé tí olórí bá wá kà á tán ńkọ́?

"Ó máa fi pẹ́ńsù ṣe róbótó yí orúkọ ara rẹ̀ ká lórí ìwé náà. Ìyẹn ni pé, mo ti rí i. Kì í ṣe pé, mo ti gbà o. Mo ti rí i ni. Ẹni tí orí bá bá ṣe é, olórí máa kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, gbogbo ọ́fíìsì máa dìde sáré."

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun kọ ìwé pé odi omi kan máa wó. Ọwọ́ àkọ́kọ́ tó gbà á sọ ọ́ di pé ó lè wó. Ọwọ́ kejì ní ó yẹ kí wọ́n fi ojú sí i lára. Nígbà tó fi dé òkè, ohun tó wà nínú ìwé ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbìyànjú gidigidi níbẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ó wá wó?"

"Ó wó," ló wí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdún tí ìjọba wọn fi ipá kó àwọn ọ̀mọ̀wé lọ sí abúlé dé, òun náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ lóko. Ó ní ìgbà tí òun padà dé, òun kò gbé ìwé gba àtẹ̀gùn àwọn ọ̀gá mọ́. Ìwé tó ṣe pàtàkì tí òun kọ lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ tó kọ́ olórí àgbègbè àwọn nígbà èwe ni òun gbé e lọ bá. Àgbàlagbà olùkọ́ yẹn kò ní ipò kankan. Tíì ni olórí ń wá mu lọ́dọ̀ rẹ̀. "Wá ẹni tí ọ̀gá máa ń fetí sí nígbà tí kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹ̀," ni Bàbá Ṣáínà sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé ìtàn ìlú wọn ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dáàmù wa wà lọ́nà Odeda, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni abúlé wa wà, ibi tí ìyá mi ń gbé. Àgbẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀, olórìṣà sì ni wọ́n, Yemọja ni ilé ìyá mi ń bọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dí odò náà, ìyá mi ní, "Dáàmù ni ìjọba ń pè é, dààmú ni àwa ń pè é." Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo rò pé ojú wọn kò là ni.

Òjò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí àrọ̀kúrò ti ń sún mọ́lé, Bàbá Ṣáínà dé láti ọ̀nà Odeda, kò tilẹ̀ nu ẹsẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ odi dáàmù yẹn ti ń mú omi jáde.

Mo ní, "Ó ń jò?"

Ó mi orí. Ó ní kò sí ihò tí ojú rí. Ara odi náà fúnra rẹ̀ ló ń mú omi wá, bíi kí èèyàn máa làágùn. Ó ní bí omi yẹn bá ṣì mọ́, kò le púpọ̀. Ọjọ́ tó bá ti ń rú pẹ́nrẹ́n, á jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ inú odi ló ń bá omi jáde, odi náà ti ń ṣófo láti inú nìyẹn. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi nísinsìnyí, kí omi lọ sílẹ̀ dé ìdajì kí àrọ̀kúrò tó dé. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rántí ilé ìyá mi.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sì wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ rí i, mo lè kọ ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó péye ni mo ń wá, bí ẹni tí olùkọ́ dúró sí lẹ́yìn. Kò jò, kò ya. Bí igi ṣe ń sun oje, bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Odi omi naa n sun. Enjinia ni ki e jowo si ilekun omi ki ojo to de."

Akọ̀wé àgbà kà á, ó sì fi bírò fa ìlà kejì yọ. Ó ní, "A kì í pàṣẹ fún àgbà. Sọ bí nǹkan ṣe rí, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tí a ó ṣe. Àbí o fẹ́ kọ́ Ọ̀gá níṣẹ́?" Mo mọ̀ pé ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo dáàmù náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fẹ́ kí omi kún dé etí kí ó lè wù wọ́n. Wọ́n ti ń kun àga. Bí wọ́n bá ṣí omi, ẹrẹ̀ ni àlejò máa wò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yìí le o." Ó ní, "Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà?" Mo tún un tẹ̀, ìlà kan péré: Odi omi naa n sun.

Ọjọ́rùú ló gbé e wọlé. Ọjọ́rùú yẹn kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀, a ò gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ṣáínà wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi nígbà mẹ́ta, ojú ló fi bi mí. Mo mi orí fún un nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Mo ní kí ìyá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ìsàlẹ̀ odi. A bá ibi tí omi ti ń sun. Kò mọ́ mọ́. Ó ti pọ́n, ó ti rú bí omi tí wọ́n fọ amọ̀ sí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbarà. Lónìí."

Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn. "Ta ló sọ pé kí n kúrò?"

"Ẹnjiníà ni."

"Ọ̀gá yín ńkọ́, ṣé òun náà sọ bẹ́ẹ̀?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní Ọ̀gá ò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ó dáa, ìgbà tí Ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, èmi náà á gbọ́. Ibo ni kí n kó ewúrẹ́ mi lọ? Inú yàrá kan tí ò ń gbé, tí ìwọ alára ń fẹ̀gbẹ́ wọ̀?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún sunkún. Ó dín èpà fún mi dání, ó sì ní kí n tètè máa lọ kí ọkọ̀ má bàa wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ní ìrọ̀lẹ́, òjò kò sì rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé pélébé náà padà sórí tábìlì mi kí n fi sínú fáìlì. Ọ̀gá ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa tó máa ń lò: "O dara. E je ko maa sun. A dupe."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, kò yé mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Háà! Mo gbé ọwọ́ lérí. Ọ̀gá kà á pé odi omi náà ń sùn. Ó ń sùn! Pé ara rẹ̀ balẹ̀, pé kò sí wàhálà, pé ó ń sinmi bí ọmọ tó yó. Ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kó máa sùn. Mo lérò pé mo máa pariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu mi, ẹ̀rín burúkú, àwọn tó wà nínú yàrá wò mí pé kí ló dé. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán, omi ló ń bọ́ lójú mi.

Mo sáré gbé e lọ bá akọ̀wé àgbà. Mo fi hàn án. Òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ sọ fún wọn."

"Kí n lọ sọ fún Ọ̀gá pé ó ṣi ìwé kà? Orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi wọlé lọ sọ fún wọn."

"Táípísì kì í wọlé Ọ̀gá." Ó ti fáìlì náà padà sí mi. "Ìwọ lo kọ ọ́. Fi í sílẹ̀ kó máa sùn bí Ọ̀gá ṣe wí."

Mo gbé e lọ bá Bàbá Ṣáínà. Ó bi mí pé, "Róbótó ni wọ́n ṣe sí i, àbí ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ?" Mo ní ọ̀rọ̀ ni, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ta ni olùkọ́ rẹ̀?"

Ọ̀gá kò ní olùkọ́ tó ń bá mu tíì. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà rẹ̀ kì í yé ròyìn fún wa nípa ìrẹsì ọ̀fadà tí ìyá Ọ̀gá ń sè. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Ìtòkú ni Ọ̀gá máa ń lọ jẹun lọ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìtọrọ àyè. Mo fa ìwé pélébé náà yọ nínú fáìlì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìyẹn ní ọ́fíìsì wa, mo sì gba Ìtòkú lọ. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá Àlàájà, ìyá Ọ̀gá, ó ń yẹ àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Arúgbó kékeré ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Ó ní, "Àdìrẹ lo fẹ́ rà?"

Mo ní rárá, ọ́fíìsì Àlàájì ni mo ti wá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Kí n tó sọ ìdajì, Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú fìlà àti tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó rí mi. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ta ló mú ọ wá síbí?"

Mo ní, "Ẹ forí jì mí sà, ìyá mi ló wà ní ìsàlẹ̀ odi náà."

"Odi wo? Akọ̀wé àgbà dà? Ṣé o ò mọ ọ̀nà ni?"

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Àlàájà wí. "Ilé tèmi ló wá, kì í ṣe ọ́fíìsì ẹ."

Mo na ìwé náà sí Ọ̀gá. Ó gbà á tìbínú-tìbínú, ó kà á sókè fún ìyá rẹ̀ gbọ́: "'Odi omi náà ń sùn.' Mo ti rí èyí. Mo ti dá wọn lóhùn. Kí ló burú níbẹ̀?"

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń sùn? Odi? Ṣé ó máa ń hanrun náà?"

"Kì í ṣe sùn, sà," ni mo wí. "Sun ni. Bí igi ṣe ń sun oje. Omi ń sun lára odi, ó sì ti rú, mo fojú ara mi rí i."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àlàájà kíá. Òun ló kọ́kọ́ yé. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó ń sun? Tó sì ti rú? O ti gbọ́ látìgbà wo?" Ó na ìka dúdú rẹ̀ sí àwọn ìkòkò tó tò sílẹ̀. "Ìkòkò tó bá ń sun, ṣé mo máa ń wò ó níran ni? Ṣe ni mo máa ń gbọ́n aró inú rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìgbà oyún rẹ, mo fi ọ̀kan dọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, aró ti gba gbogbo àgbàlá kan, aṣọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló bá a lọ. Ìkòkò kì í sọ tẹ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sun, ó ti sọ fún ọ nìyẹn."

Ọ̀gá ní, "Màámi, àlejò ń bọ̀ wá wo omi náà."

"Kí wọ́n wá wo ẹrẹ̀."

Ní òkè Ìtòkú, ojú ọ̀run ti ṣú bí aró. Ọ̀gá tún wo ìwé náà, ó yí i sẹ́yìn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀: "Ẹ ṣí i." Ó fi àmì sí i lókè, ó fi sí i nísàlẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń fi wọ́n sí i, ó rọra ń ṣe é bí ọmọ ilé ìwé. Ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó pe dírẹ́bà, ó ní kó gbé mi lọ sí dáàmù náà. Bí mo ṣe ń jáde, Àlàájà ké tẹ̀ lé mi pé, "Sọ fún ìyá ẹ pé aláró Ìtòkú ní ìkòkò ń sun!"

A sáré gba ọ̀nà Odeda. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi wo ìwé náà, ó mọ ọwọ́ Ọ̀gá, ó sì pe ọkùnrin méjì mọ́ra. Ìpẹtà ti mú irin tí wọ́n fi ń yí i. Wọ́n yí i, kò lọ. Wọ́n tún yí i, wọ́n ń kígbe. Ìgbà tó máa gbà, ilẹ̀ tí mo dúró sí mì, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Mo sáré lọ sí ilé. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Àlàájà rán mi. Ìyá mi kò bi mí léèrè kankan. Ó ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó gbé igbá òrìṣà rẹ̀, ó tú àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀, ó sì ń ké sí àwọn ará ilé tó kù bó ṣe ń lọ. Ohun tí mo fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ sí, gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ aláró ló ṣe é.

Òjò náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Orí àpáta tó kọjú sí abúlé ni gbogbo wa wà. Omi inú dáàmù ti dín dé ìdajì, síbẹ̀ apá òsì odi náà kò lè dúró. Kò pariwo tó bí mo ṣe rò. Ó kàn jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀, omi pupa sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó gba oko ẹ̀gẹ́ wa, ó gba ilé ìyá mi. Ilé alámọ̀ ni, ó yọ́ lójú wa. Ìyá mi ka gbogbo èèyàn tó wà lórí àpáta, ó tún wọn kà. Wọ́n pé. Mo wo ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé ká ní omi yẹn kún dé etí ni, òkú wọn ni à bá máa wá.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé àgbà ní Ọ̀gá ń pè mí. Kò wo ojú mi. Mo wọlé tí wọ́n ní táípísì kì í wọ̀ yẹn, mo ti gbà nínú ara mi pé wọ́n ti lé mi. Ìwé pélébé wa ló wà lórí tábìlì. Ọ̀gá ti bírò pupa rẹ̀ sí mi.

"Fi àmì sí i. Fi hàn mí bó ṣe yẹ kí o kọ ọ́."

Mo tẹ̀ mọ́ tábìlì. Mo fi àmì sórí "náà." Mo fi àmì sórí "ń." Mo dé orí "sun," mo sì gbé bírò sókè.

Ó ní, "Parí ẹ̀."

"Mo ti parí ẹ̀ sà. Ìyẹn kò gba àmì. Sùn tí èèyàn ń sùn ló ń gba àmì. Èyí tí mo kọ, bó ṣe máa ń wà náà nìyẹn."

Ó tún un kà. "Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, o kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Mi ò dákẹ́. "Ẹ̀yin lẹ fi àmì sí i lọ́kàn yín, nítorí àlejò ń bọ̀."

Ẹ̀rù bà mí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde. Ọ̀gá gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó ṣe róbótó pupa yí ọ̀rọ̀ náà ká, ó sì ní kí n máa lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà fi dé pé kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka wa ní Odeda, níbi tí kò sí ìwé kankan láti tẹ̀. Nígbà tí mo lọ dágbére fún Bàbá Ṣáínà, ó ní, "Róbótó, àbí ọ̀rọ̀?" Mo ní róbótó ni. Ó mi orí, ó ní, "Ó ti rí i." Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ìyà ni Ọ̀gá fi jẹ mí tàbí ó fẹ́ kí n sún mọ́ àwọn èèyàn mi ni.

Ìyá mi bá mi gbé nínú yàrá kan yẹn kí a tó kó kúrò ní Ìbarà. Kò sọ nǹkan kan nípa ilé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n tún ìtàn ìwé náà sọ fún òun dáadáa. Mo sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé ó ń jò?"

Mo ní tí kò bá sí àmì, wọ́n lè kà á pé ó ń jó, wọ́n á ní kí wọ́n wá máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kò gbójú sókè.

"Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé, 'Ìyá mi wà níbẹ̀'?"

Nígbà tó jáde lọ gbé ẹ̀wà kaná, mo mú ìwé kan, mo fi bírò kọ ọ́ bí ẹ̀rọ yẹn ì bá ṣe tẹ̀ ẹ́, láìfi àmì kankan sí i: Iya mi wa nibe. Mo kà á. Bí Ọ̀gá bá kà á ní ìyá, bó sì kà á ní ìyà, kò sí èyí tó máa ṣì í lọ́nà.